Àṣà àti Ìwà Àlejò ní Ilẹ̀ Yewa

Ilẹ̀ Yewa ni apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ògùn tó bá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Ìlaròó, Ayétòrò, Ìmẹ̀kọ, Ìpókíá àti Ìdí-Ìrókò wà lára àwọn ìlú tó lórúkọ níbẹ̀. Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pe àgbègbè náà títí di ọdún 1995, kí wọ́n tó fi orúkọ odò Yewa sọ ọ́. Igbó, ọ̀dàn, àbàtà àti ọ̀nà oko ni ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn yóò bá níbẹ̀. Oníṣòwò, olùwòran ìjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, olùjọsìn àti akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá. Ohun tó wà nídìí gbogbo àṣà àlejò ibẹ̀ ni pé kò sí ibi tí kò lólúwa: igbó lólúwa, oko lólúwa, eégún lólúwa, ẹnubodè náà sì lólúwa. Àlejò á kí olúwa ibi kó tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ìtàn ní ṣókí

Ilẹ̀ Yewa ti ń gba àlejò tipẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí etí òkun gbà. Nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò òyìnbó, Hugh Clapperton àti Richard Lander, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825, wọ́n la Ìjànnà kọjá kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù Kìn-ín-ní 1826. Ìlú tí wọ́n bá dé, ọ̀dọ̀ olórí ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ, òun ló sì ń fún wọn ní ilé àti aláàárù.

Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ààlà. Ìlú Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹbí ò tìtorí ìyẹn pín. Títí dòní, àwọn ènìyàn ń sọdá láti lọ sìnkú, láti lọ ṣègbéyàwó àti láti ná ọjà.

Ìkíni àti oúnjẹ

Ìkíni ni ìwé àṣẹ àlejò. Ẹni tó bá kọjá lójúde àgbà láìkí i ti ba ara rẹ̀ lórúkọ jẹ́ kó tó sọ ohun tó bá wá. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìkíni tirẹ̀: “Ẹ kú oko” fún àgbẹ̀, “Àrìnpa o” fún ọdẹ, “Ojú gbooro o” fún onídìrí, “Àrẹ̀dú o” fún aláró. Ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin á kúnlẹ̀. Bí àlejò tí kì í ṣe Yorùbá bá tẹrí ba dáadáa, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà ló ń kọ́kọ́ na ọwọ́ bí a bá fẹ́ bọ ara wa lọ́wọ́. Ẹnìkan kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan tàbí fúnni ní nǹkan. A kì í pe àgbàlagbà lórúkọ gan-an. Bàbá, Ìyá, Ẹ̀gbọ́n, tàbí orúkọ ọmọ rẹ̀ ni a fi ń pè é.

Omi tútù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé fún àlejò nínú ilé. Kó gbà á kó mu díẹ̀, kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tó gbé e wá. Bí ẹni tó ń jẹun bá ní “Ẹ wá ká jẹun”, ìdáhùn tó yẹ ni “Á gba ibi ire o”. Kò pọn dandan kéèyàn jókòó tì í, ṣùgbọ́n ìwà àìmọ̀kan ni kéèyàn dákẹ́ kó máa wo abọ́.

Ààfin àti ilé baálẹ̀

Ọba lólórí ní ìlú ńlá, baálẹ̀ ní abúlé. Olú ń jọba ní Ìlaròó, Alayé ní Ayétòrò, Onímẹ̀kọ ní Ìmẹ̀kọ. Ẹni tó bá fẹ́ pàgọ́, fẹ́ ya fíìmù, fẹ́ ṣèwádìí tàbí fẹ́ kó ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò wọ igbó gbọ́dọ̀ fi ara hàn lọ́dọ̀ wọn. Obì àti ọtí ni wọ́n sábà máa ń mú lọ. Ìjòyè tàbí ọmọ ìlú kan ni yóò mú àlejò wọlé. Ọkùnrin á bọ́ fìlà, ẹni gbogbo á bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ti ní kí wọ́n bọ́ ọ. “Kábíyèsí” ni ìkíni ọba. A kì í na ọwọ́ sí ọba, a kì í sì í bá a sọ̀rọ̀ ní ìdúró bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Igbó, oko àti odò

Ohun tí àlejò gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú ni ààlè. Ó lè rí ìdì igi ìdáná lẹ́bàá ọ̀nà, kó rí àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo, bàtà tó ti já tàbí ìkarahun ìgbín tí wọ́n so mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni lè má sí nítòsí, síbẹ̀ olóko ti sọ̀rọ̀: ohun yìí lólúwa, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá mú un yóò gbó bí àkísà, tàbí kó ṣófo bí ìkarahun. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi eléso tó dà bí igi inú ẹgàn ló jẹ́ pé ẹnìkan ló gbìn wọ́n.

Màrìwò tí wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà fi hàn pé ojúbọ tàbí igbó òrìṣà ni. Ẹni tí wọn kò mú wọlé á yípadà níbẹ̀. Àwọn ọdẹ ń dẹ pàkúté sínú igbó, nítorí náà kí àlejò má yà kúrò lójú ọ̀nà láìsí ẹni tó mọ ibẹ̀. Nígbà ọyẹ́, koríko gbígbẹ ti ṣe tán láti jó, kò yẹ kéèyàn fi iná sílẹ̀ láìpa. Ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, amọ̀ dúdú ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò, ọ̀kadà gan-an sì ń rì sínú rẹ̀. Kéèyàn tó wẹ̀ nínú odò tàbí tó fọ aṣọ, kó bi àwọn obìnrin abúlé léèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi mímu.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Orò

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ìjó tí wọ́n fi ń júbà àwọn ìyá. UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà pàtàkì ní ọdún 2001, ó sì wọ àkọsílẹ̀ ogún àṣà gbogbo àgbáyé ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣíwájú ní òru, ní gbàgede ọjà. Òun ló ń kọrin, tó ń ṣúre, tó sì ń bú ẹni tó hùwà ìbàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn oníjó á jáde ní ọ̀sán, ọkùnrin ni wọ́n, ṣùgbọ́n aṣọ obìnrin ni wọ́n wọ̀, ère igi fífín wà lórí wọn, ṣaworo sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Tọkùnrin tobìnrin ló lè wò ó.

Olùwòran kì í wọ agbo, kì í fọwọ́ kan ère, kì í sì í pe oníjó lórúkọ bó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kó tọrọ àyè kó tó ya fọ́tò. Bí orin Ẹ̀fẹ̀ bá kàn án, kó bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí inú rẹ̀ bá dùn, kó fún oníjó tàbí onílù lówó.

Ti Orò, ìbọ tó jẹ́ ti àwọn ọkùnrin, yàtọ̀: obìnrin kì í rí i. Ọ̀rọ̀ ìsémọ́lé ọ̀sán nígbà Orò ti dé ilé-ẹjọ́ ní Ìpókíá. Kí àlejò, pàápàá obìnrin, béèrè ọjọ́ Orò lọ́dọ̀ onílé rẹ̀ kó tó dá ìrìn sọ́nà.

Ìmẹ̀kọ nígbà Kérésìmesì

Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sin Samuel Bilehou Oshoffa sí, ẹni tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi Láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, tó sì kú ní 1985. Ní gbogbo oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ ìjọ ń rọ́ wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Wọn kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, aṣọ ìjọsìn wọn. Kí àlejò náà bọ́ bàtà tirẹ̀ kó tó wọ ilẹ̀ ìjọsìn.

Ẹnubodè

Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè wọ Bẹ̀nẹ̀ láìgba físà fún ọjọ́ 90, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tó péye. Ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ 2019. Oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò. Fàyàwọ́ kò tíì tán, agọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù àti imígíréṣọ̀n sì pọ̀ lójú ọ̀nà. A kì í ya fọ́tò wọn. A kì í bá ẹni tí a kò mọ̀ gbé ẹrù, pàápàá ìrẹsì, tí òfin ti kà léèwọ̀ láti gba orí ilẹ̀ wọlé láti ọdún 2016. Náírà àti sẹ́fà ni wọ́n ń ná lẹ́bàá ààlà, èdè Ẹ̀gùn àti Faransé sì ń dún pọ̀ mọ́ Yorùbá.

Ẹni tó bá ń lọ sí ilẹ̀ Yewa, kó mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kó wá ọmọ ìlú kan tí yóò mú un dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, kó sì béèrè kó tó wọ ibikíbi.