Èébú Lórí Rédíò Amẹ́ríkà, Láti Ayé Coughlin Dé Ayé Limbaugh

Kí rédíò tó dé ni àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà ti ń bú ara wọn. Ohun tí rédíò fi kún un ni pé ẹnì kan ṣoṣo lè jókòó sí yàrá kan, kó bú ọmọ ọlọ́mọ sétí gbogbo ìlú, kí ẹni tí wọ́n bú má sì rí ibi tí yóò ti fèsì. Ọ̀rọ̀ èsì yìí ló wà nídìí ìtàn èébú láàárín àwọn asọ̀rọ̀-òṣèlú apá ọ̀tún nílẹ̀ náà, ìyẹn àwọn tó ń gbèjà àṣà àtijọ́, tí wọn kò sì fẹ́ kí ìjọba máa tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ ajé jù.

Charles Coughlin, àlùfáà Kátólíìkì ní Royal Oak, ìpínlẹ̀ Michigan, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi agbára yìí hàn. Ọdún 1926 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù lórí rédíò. Nígbà tí ọ̀dá owó kọlu ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1929, ìwàásù rẹ̀ di ọ̀rọ̀ òṣèlú, àìmọye mílíọ̀nù èèyàn sì ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn àwọn tálákà ló kọ́kọ́ wà, ó sì ti Ààrẹ Franklin Roosevelt lẹ́yìn, kó tó kẹ̀yìn sí i. Ní oṣù Keje ọdún 1936, níbi àpérò kan ní Cleveland, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó bọ́ kọ́là àlùfáà tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì pe Ààrẹ ní òpùrọ́ àti ọ̀dàlẹ̀ níṣojú ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn èyí, àwọn Júù ló dojú ahọ́n kọ. Lọ́dún 1938, ìwé ìròyìn rẹ̀, Social Justice, tẹ ayédèrú ìwé kan jáde tó sọ pé àwọn Júù ń gbìmọ̀ láti gba ayé. Nígbà tó di ọdún 1940, àwọn onírédíò ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Lọ́dún 1942, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pàṣẹ kó dákẹ́.

Ní ọdún 1949, FCC, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ní ìwé àṣẹ, gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé ilé iṣẹ́ tó bá gbé ọ̀rọ̀ tó kan ará ìlú jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ìhà kejì pẹ̀lú. Òmíràn tẹ̀ lé e: bí wọ́n bá ba ẹnì kan lórúkọ jẹ́ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi tó onítọ̀hún létí, kó sì fún un láyè láti fèsì. Èébú kò di èèwọ̀. Àǹfààní èsì nìkan ni ìjọba ṣètò.

Red Lion, ìlú kékeré kan ní Pennsylvania, ni wọ́n ti dán ìlànà yìí wò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1964, oníwàásù Billy James Hargis sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 15 lórí rédíò WGCB tó wà níbẹ̀. Akọ̀ròyìn kan, Fred Cook, ló gbá mú, nítorí ó ti kọ ìwé tako Barry Goldwater, ẹni tí ẹgbẹ́ Republican fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Hargis ní irọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ lé Cook níbi iṣẹ́, ó sì so ó mọ́ àwọn Kọ́múníìsì. Cook kọ̀wé pé òun fẹ́ fèsì. Ìwé tó to iye owó àkókò orí rédíò lẹ́sẹẹsẹ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, àwọn adájọ́ tó dá a sì fẹnu kò ní oṣù Kẹfà ọdún 1969 pé ẹ̀tọ́ olùgbọ́ ju ti onírédíò lọ. Ó hàn nígbà tó yá pé àwọn èèyàn ẹgbẹ́ Democrat wà lẹ́yìn Cook, àti pé wọ́n ń fi ìlànà náà dààmú àwọn rédíò kéékèèké apá ọ̀tún. Àwọn alátakò ìlànà náà kò gbàgbé èyí, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ẹnu apá ọ̀tún nìkan kọ́ ni èébú ti ń jáde. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1968, lórí tẹlifíṣọ̀n ABC, Gore Vidal tó jẹ́ ti apá òsì ló kọ́kọ́ so William Buckley tó jẹ́ ti apá ọ̀tún mọ́ àwọn Násì. Buckley fi èébú tí wọ́n máa ń bú ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin dá a lóhùn, ó sì halẹ̀ pé òun yóò lù ú lójú.

Lọ́dún 1987, Ààrẹ Ronald Reagan kọ̀ láti fọwọ́ sí àbádòfin tí ìbá sọ ìlànà 1949 di òfin, FCC sì pa ìlànà náà rẹ́ ní oṣù Kẹjọ. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ètò Rush Limbaugh bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri orílẹ̀-èdè láti New York. Àwọn kan ń sọ pé ìparẹ́ yìí nìkan ló bí Limbaugh. Àsọdùn ni. Orin ti ṣí lọ sórí FM, ebi sì ń pa àwọn rédíò AM. Ètò Limbaugh kò ná wọn ní owó gidi, àkókò ìpolówó ni wọ́n fi ń san án. Ó ń pe àwọn tó ń jà fún àyíká ní wèrè, ó so àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ mọ́ Násì, ó sì ń fi orin ṣe àwọn aláìnílé ní yẹ̀yẹ́. Ó mọ bí a ṣe ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ìdí nìyẹn tí èébú rẹ̀ fi ń dùn létí àwọn tí kò kàn.

Àwọn olóṣèlú náà ń kọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1990, GOPAC, ẹgbẹ́ tí Newt Gingrich ń darí, fún àwọn olùdíje Republican ní ìwé tó to ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa lò fún alátakò: ọ̀dàlẹ̀, aláìsàn, oníwà ìbàjẹ́. Ní ọdún 1994 ẹgbẹ́ Republican gba ilé ìgbìmọ̀ aṣojú lẹ́yìn 40 ọdún, àwọn ọmọ ilé tuntun sì fi Limbaugh ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn lọ́nà ọ̀wọ̀.

Nígbà tí àǹfààní èsì ti lọ, owó nìkan ló kù tó lè kó ahọ́n níjàánu. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2012, Limbaugh pe Sandra Fluke, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Georgetown, ní aṣẹ́wó, nítorí ó sọ níwájú àwọn aṣòfin pé kí ìwé adójútòfò máa san owó oògùn ìfètòsọ́mọbíbí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kó ìpolówó wọn kúrò. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ó tọrọ àforíjì.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, Ààrẹ Donald Trump fún un ní àmì ẹ̀yẹ Òmìnira nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Limbaugh kú lọ́jọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2021. Ìlànà tó fún ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ láyè láti fèsì ti kú ṣáájú rẹ̀: ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Washington pàṣẹ kí wọ́n pa á rẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000, kò sì sí èyí tó rọ́pò rẹ̀.