ILÉ PẸ́TẸ́Ẹ̀SÌ ÀWỌN BABA WA

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ọdún yìí kò jìnnà, ọ̀rọ̀ ilé ni.

Ẹni tí ó bá gba Òpópónà Ìbòkun kọjá ní Òṣogbo yóò rí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí a kọ́ ní àṣà Àgùdà. Inú rẹ̀ ni Susanne Wenger, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, gbé fún ọdún tí ó lé ní ogójì, títí ó fi kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009. Nítorí rẹ̀ ni àwọn àlejò fi ń wá wo ilé náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa onílé bi ara wa léèrè pé: báwo ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa?

Kí ó tó dé, agbo ilé ni àwọn baba wa ń gbé. Amọ̀ ni ògiri, koríko ni òrùlé. Àwọn yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú wọn. Inú ni ojú ilé kọ sí, kò kọ sí títì.

Àwọn tí ó mú àṣà tuntun wá ni àwọn ènìyàn wa tí a ti kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bùràsíìlì. Púpọ̀ nínú wọn kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Bahia ní 1835, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Èkó, ní Pópó Àgùdà. João da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá bíríkìlà Àgùdà, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo kí 1910 tó pé. Ọkọ̀ náà ń kó sìmẹ́ńtì àti páànù bọ̀, ó sì ń kó irè oko lọ. Nígbà tí kòkó mú owó wọlé, àwọn baba wa kọ́ ilé tí ó kọjú sí títì: gbọ̀ngàn ní àárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, òpó tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, nígbà mìíràn kìnìún sìmẹ́ńtì lórí rẹ̀. Nínú irú kìnìún bẹ́ẹ̀ ni Ulli Beier, ọkọ Wenger àkọ́kọ́, ti rí ìdí láti pe àwọn bíríkìlà sí ìdíje ẹranko sìmẹ́ńtì. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ọmọ Òṣogbo, yọrí níbẹ̀; ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára iṣẹ́ tí ó ṣe Igbó Ọ̀ṣun lọ́ṣọ̀ọ́, èyí tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Ọgbọ́n ọwọ́ ara wa ni àjèjì rí tí ó sì gbé ga.

Ṣùgbọ́n báwo ni àwa ti tọ́jú rẹ̀? Ní Èkó, ilé Ìlọ́jọ̀, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1855, tí ìjọba sì kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ni a wó palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a tètè dá ará Èkó lẹ́bi. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì baba-ńlá tèmi náà kò sí mọ́. Páànù mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ ṣí. Àwa tí a wà nílé ń retí àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi. Àwọn náà rò pé a ti ṣe é. Nígbà tí a fi kó owó jọ, igi àjà ti jẹrà, a sì wó ìyókù kí ó má ba wó pa ọmọ.

Nígbà tí baba bá kú, ilé rẹ̀ di ogún gbogbo ọmọ, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ dá a tà. Àṣà rere ni èyí. Ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí yóò pààrọ̀ páànù. Omi ni ọ̀tá ilé amọ̀. Bí sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ògiri bá sán, omi a gba ibẹ̀ wọlé, kì í sì í tètè rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ a máa rọ̀ nínú nígbà tí ojú òde ṣì ń dán. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní wọ ibẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan nílé tí yóò gun òkè àjà wò lọ́dọọdún kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí wọ́n sì yan ẹnì kan ní ìdálẹ̀ tí yóò gba owó páànù jọ. Kí a ya àwòrán àwọn ilé tí ó kù, kí a sì bi àwọn àgbà ní orúkọ àwọn tí ó kọ́ wọn, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè láti dáhùn.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ilé baba wa wó mọ́ wa lójú.