Joni Haastrup: Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Nídìí Orin Rọ́ọ̀kì

Tí wọ́n bá dárúkọ Haastrup ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ ọba ló ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ilé Ajímọ́kọ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Frederick Kumokun Haastrup, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú, tó gba òmìnira dé Sàró, tó sì padà wá di oníṣòwò ní Èkó, ló gorí ìtẹ́ Ọwá ní ọdún 1896, tó sì wà níbẹ̀ títí di 1901. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣa àwo orin àtijọ́ jọ ní Lọ́ńdọ̀n àti Amẹ́ríkà, Haastrup mìíràn ni wọ́n mọ̀. Joni ni wọ́n ń pè é: akọrin ni, ó ń tẹ dùùrù, ó ń kọ orin sílẹ̀, ó sì ń darí bí wọ́n ṣe ń gbà á sínú àwo. Òun ni olórí MonoMono, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ fi rọ́ọ̀kì ṣe ohun tiwa ní Nàìjíríà. Ó ń dùn mí pé àwọn ará òkèèrè mọ ọkùnrin yìí ju àwa nílé lọ.

Ilé ọba ló dàgbà sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ mú un súnmọ́ orin. Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi dé inú àwo. Ní 1966, Orlando Julius Ekemode àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Modern Aces, gbé àwo Super Afro Soul jáde. Joni Haastrup wà lára àwọn tó kọrin níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yóò rí i pé ọmọ ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì: Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí Orlando Julius sí ní 1943, ṣùgbọ́n ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀. Hàíláìfù ló bá nílẹ̀ ní Ìbàdàn, ó da orin sóòlù àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ ọn, ohun tó sì jáde kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà tó gbọ́ James Brown lórí rédíò rí i pé ẹni tó ń sọ Yorùbá náà lè kọ irú rẹ̀.

Àwọn ọdún wọ̀nyẹn ṣe nǹkan fún wa. Ní Òṣogbo, Mbari Mbayo, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, ti bẹ̀rẹ̀ láti 1962. Ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven dé ní 1964, tó ń jó tẹ̀lé alágbàtà oògùn kan kiri, tó fi di ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀. Òun náà ń kọrin, ó sì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ìgbà náà kò sẹ́ni tó ń ní kí èèyàn yan iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni rọ́ọ̀kì rọ́wọ́ mú ní Èkó. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wakọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà ní 1971, ó sì kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Èkó. Kì í ṣe pé ó wá kọ́ wa ní orin. Ìlù wa ló wá bá. Lọ́dún 1971 yìí kan náà ni Haastrup lọ bá ẹgbẹ́ Baker, Airforce, ṣeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jókòó sídìí dùùrù tí Steve Winwood dìde kúrò. Winwood nìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń forí balẹ̀ fún nídìí dùùrù nílẹ̀ wọn nígbà náà.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó síbẹ̀. Haastrup padà wálé, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Orúkọ tó fún un ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Lójú òyìnbó, MonoMono kò ju ìró tó dùn létí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró sí ìloro nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣú mọ̀ ọ́n: mọ̀nọ̀mọ́nọ́ ni, ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ yànràn lójú ọ̀run kí àrá tó sán. Baba Ken Okulolo ló ń ta gìtá béèsì, Jimi Lee Adams ń ta gìtá, Candido Obajimi wà nídìí ìlù, Friday Jumbo sì ń lu kóńgà. Haastrup ló ń kọrin, òun ló ń tẹ dùùrù. Àwo wọn àkọ́kọ́, Give the Beggar a Chance, jáde ní 1972. The Dawn of Awareness tẹ̀lé e ní 1974.

Ẹ wo àkọlé inú àwọn àwo náà. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó tún bá «Ẹ Jẹ́ Ká Múra Síṣẹ́», ẹ ó bá «Tìrẹ Ló Máa Dà Nígbẹ̀yìn». Ọ̀rọ̀ òbí sí ọmọ ni ìwọ̀nyí. Mi ò lè gbọ́ èyí àkọ́kọ́ kí n má rántí òṣómàáló, Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tó ń ta àwìn láti ìlú dé ìlú, tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gba owó rẹ̀. Gìtá ń han bí ti àwọn òyìnbó, kóńgà ń dá a lóhùn nísàlẹ̀, dùùrù ń lọ láàárín méjèèjì, ìwà tó wà nínú ọ̀rọ̀ sì jẹ́ ti ilé. Lójú tèmi, ohun tó mú MonoMono ta àwọn ẹgbẹ́ tó kàn ń kọ orin ẹlòmíràn yọ nìyẹn.

Ní 1978 ó gbé àwo tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan jáde, Wake Up Your Mind, lábẹ́ ilé iṣẹ́ àwo Afrodisia. Lẹ́yìn náà ló kó lọ sí Califọ́níà. Baba Ken náà gba ibẹ̀ lọ, ó sì dá ẹgbẹ́ Kotoja sílẹ̀. Orlando Julius ti ṣáájú wọn dé Amẹ́ríkà ní àárín àwọn ọdún 1970. Nílé, jùjú àti fújì gba ìgboro, àwo MonoMono sì wọ abẹ́ ibùsùn lọ.

Òkèèrè ló ti tún jáde. Ní 2001, ilé iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀n ṣe àkójọ Nigeria 70, ọmọ Ìjẹ̀ṣà méjèèjì sì tún pàdé nínú àkójọ kan náà: Orlando Julius pẹ̀lú «Àlọ́ Mi Àlọ́», Haastrup pẹ̀lú MonoMono, àti òun nìkan. Ní 2011 wọ́n tún àwọn àwo MonoMono tẹ̀ jáde. Ní 2014, Orlando Julius àti ẹgbẹ́ Heliocentrics ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ṣe àwo Jáìyédé Afro. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2022.

Ọ̀dọ́ tó ń rápù lónìí, tó ń ṣe bíìtì fúnra rẹ̀ nínú yàrá, tó ń pàṣẹ bí wọn yóò ṣe po ohùn pọ̀, ojú ọ̀nà tí àwọn ará ibí ti là ló ń tọ̀, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní Òṣogbo àti Iléṣà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀: ẹ fi MonoMono sí i lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó ń kọrin. Ẹ̀yin tí bàbá yín fi àpótí àwo sílẹ̀ fún, ẹ tú u wò kí ẹ tó pe àwọn tó ń ra àlòkù.