Lẹ́tà Méje Lọ́wọ́ Ọ̀tayò: Àyẹ̀wò Ọgbọ́n Wíwá Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú Eré Scrabble

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ọgbọ́n tí àwọn ọ̀tayò Scrabble ń lò láti yọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde nínú àkójọ lẹ́tà wò. A fi orúkọ Ìkirè àti Àpòmù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti ti Asejire, ṣe àpẹẹrẹ, a sì wo bí ọmọ Nàìjíríà ṣe gba ipò kìíní àgbáyé lọ́dún 2015. Ohun tí a rí ni pé ẹni tó mọ bí lẹ́tà ṣe ń bára wọn rìn, tó sì mọ ọ̀rọ̀ kúkúrú dunjú, ta ẹni tó ń lé kìkì ọ̀rọ̀ gígùn yọ.

1. Ìpìlẹ̀ eré náà

Alfred Mosher Butts, ayàwòrán-ilé kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé eré yìí kalẹ̀ lọ́dún 1938. Ó ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ yọ nínú ìwé ìròyìn, iye yẹn ló sì fi pín ẹyọ lẹ́tà àti máàkì. Ní 1948 ni James Brunot sọ ọ́ ní Scrabble. Ẹyọ 100 ló wà nínú àpò: E jẹ́ 12, ó sì ní máàkì 1 péré, J jẹ́ ẹyọ kan, ó ní máàkì 8, Q àti Z ní 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ méje ló máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tayò. Bó bá lo méjèèje lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á fi 50 kún máàkì rẹ̀. Èrè yìí ló ń mú kí tọmọdé tàgbà máa wá ọ̀rọ̀ gígùn.

2. Ọgbọ́n ìtòlẹ́sẹẹsẹ

Ọ̀nà 5,040 ni a lè gbà to lẹ́tà méje tí kò jọra. Nínú ìdíje, ìṣẹ́jú 25 ni ọ̀tayò ní fún odindi eré kan, nítorí náà kò sí bí ó ṣe lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ohun tí àwọn ọ̀jáfáfá ń ṣe ni pé wọ́n á to lẹ́tà náà bí a ṣe ń ka A, B, D. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́tà kan náà yóò wá ní ojú kan ṣoṣo. Ojú AEINRST, fún àpẹẹrẹ, ni RETAINS, NASTIER, RETINAS, STAINER àti ANTSIER. Ẹni tó ti kọ́ ojú yìí sórí kò ní dà á rú mọ́. Bó bá ti rí i, ọ̀rọ̀ márààrún dé.

Ọgbọ́n kejì ni ìtọ́jú lẹ́tà tó ń gba àlejò. Bí AEINST bá wà lọ́wọ́, tí D wọlé, INSTEAD dé. Bó bá jẹ́ G ni, SEATING. Bó bá jẹ́ L, ENTAILS.

3. Lẹ́tà orúkọ ìlú mẹ́ta

Òfin kò gba orúkọ ìlú lórí pátákó, ṣùgbọ́n lẹ́tà inú rẹ̀ ṣeé fi dánra wò. Asejire, níbi tí ìsédò odò Ọ̀ṣun tó ń fún Ìbàdàn lómi wà, ní lẹ́tà méje gẹ́lẹ́: AEEIJRS. Bí a bá fi J sílẹ̀, a ó rí EASIER àti AERIES, lẹ́tà mẹ́fà, máàkì 6. Bí a bá lo J, JEERS jáde: lẹ́tà márùn-ún, máàkì 12. Èyí kúrú, ó sì so ìlọ́po méjì. Ẹni tó ta EASIER ṣì di J tó ṣòro lò mú. Ẹni tó ta JEERS ṣẹ́ A àti I kù, méjèèjì rọrùn.

Lẹ́tà Ìkirè fún wa ní KIER, máàkì 8, nítorí K. Ti Àpòmù mú OUMA àti OUPA jáde, ọ̀rọ̀ tó ti Gúúsù Áfíríkà wọ ìwé ọ̀rọ̀ Collins. Ẹni tí kò bá ka ìwé náà kò lè rí wọn.

4. Perth, 2015

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ní Perth ní Australia, Wellington Jighere na Lewis Mackay, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, 4–0 ní àṣekágbá ìdíje àgbáyé. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ipò náà. Ó ti ṣe ipò kẹta ní Mumbai lọ́dún 2007. Àwọn ọ̀tayò Nàìjíríà di ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́rin àti márùn-ún. Ìdí rẹ̀ kò le: ọ̀rọ̀ gígùn máa ń ṣí pátákó sílẹ̀ fún alátakò, ó sì máa ń kó lẹ́tà dáadáa lọ tán. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ń sé ọ̀nà, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀tayò tọ́jú ohun tí yóò fi ta lẹ́yìn náà.

5. Àgbálọgbábọ̀

A dábàá pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Ìkirè àti Àpòmù bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì, tó jẹ́ 127 nínú ìwé Collins ti 2019, kí wọ́n tó kan ọ̀rọ̀ lẹ́tà méje. Lẹ́yìn èyí, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe irú iṣẹ́ tí Butts ṣe, lórí lẹ́tà Yorùbá 25. Ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní Ẹ, Ọ, Ṣ tàbí GB. C, Q, V, X àti Z inú rẹ̀ kò sì wúlò fún wa. Kí wọ́n ka ìwé ìròyìn Yorùbá lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, kí wọ́n fi iye tó bá jáde pín ẹyọ àti máàkì. Iṣẹ́ yìí kò ju agbára ọmọ ilé ìwé girama lọ, òun ni yóò sì jẹ́ ká lè ta irú eré yìí ní èdè wa.