Ìdákọ̀ró Òwú Nínú Iṣẹ́ Abẹ Oríkèé

Ìdákọ̀ró òwú ni ohun èlò kékeré tí dókítà oníṣẹ́ abẹ máa ń rì sínú eegun pẹ̀lú òwú nídìí rẹ̀, kí ó lè fi òwú náà fa iṣan tó ti já kúrò lára eegun padà sí ibùjókòó rẹ̀, kí ó sì dì í mú ṣinṣin níbẹ̀ títí ara yóò fi so ó pọ̀ mọ́ eegun. Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ di ìdákọ̀ró yìí: ara rẹ̀ tí ń wọnú eegun, ojú rẹ̀ tí òwú ń gbà kọjá, àti òwú náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í fẹ̀ ju mìlímítà 2 sí 6 lọ, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun bíńtín yìí ni apá àgbẹ̀ tí ń gbé ọkọ́ sókè, apá ìyálọ́mọ tí ń gbé ọmọ pọ̀n, àti apá eléré ìdárayá tí ń ju bọ́ọ̀lù, ń gbára lé kí ó tó lè bọ̀ sípò lẹ́yìn tí iṣan èjìká bá ti já.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ rírì ohun èlò yìí ní láti kọ́kọ́ mọ bí èjìká ti rí, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń lò ó jù lọ. Nínú gbogbo oríkèé ara, kò sí èyí tí ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún tó èjìká, ṣùgbọ́n òmìnira náà ní ewu tirẹ̀. Orí eegun apá tóbi, ó sì rí roboto, bẹ́ẹ̀ ni ihò tó jókòó sí kò jìn rárá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé, bí kì í bá ṣe ti òrùka kèrékèré tó yí etí ihò náà ká, àti ti iṣan mẹ́rin tó ti iwájú, òkè àti ẹ̀yìn bo orí eegun náà mọ́lẹ̀, apá ì bá máa yẹ̀ nígbàkigbà tí a bá nà án. Ọ̀dọ́ tó bá ṣubú lórí pápá, tí apá rẹ̀ sì yẹ̀, òrùka kèrékèré náà ló sábà máa ń já kúrò létí ihò. Ní ti àgbàlagbà, iṣan òkè èjìká ni í máa gbó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ya kúrò lórí eegun, nígbà mìíràn láìsí ìṣubú kankan. Eegun kò ṣẹ́, nítorí náà kò sí ohun tí teguntegun yóò tò. Bí a sì fi òróró wọ́ ọ láti òwúrọ̀ dalẹ́, iṣan tó ti já pátápátá, tó sì ti sún kúrò lórí eegun, kò ní tìtorí ìwọ́ra padà sí ibi tó ti wá. Èyí kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo iṣan tó bá ya ni a gbọ́dọ̀ fi abẹ tọ́jú: àgbàlagbà púpọ̀ ló wà tí iṣan èjìká wọn ti ya tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀, eré ìdárayá tí a fi ń mú èjìká le sì ń tó fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí èjìká ń dùn.

Ìṣòro tó dojú kọ àwọn oníṣẹ́ abẹ ayé àtijọ́ ni pé abẹ́rẹ́ tí ń gún ẹran kì í gún eegun. Ní Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1909, Ernest Amory Codman rán iṣan òkè èjìká tó já padà sí ipò rẹ̀. Òun náà ló wá kọ ìwé ńlá kan lórí èjìká, tó jáde ní 1934. Ní London, ní 1923, Arthur Sydney Blundell Bankart kọ̀wé láti fi hàn pé ohun tí ń mú kí apá máa yẹ̀ lemọ́lemọ́ ni òrùka kèrékèré tó ti já kúrò létí ihò èjìká, àti pé ìwòsàn rẹ̀ kò sí níbòmíràn àfi kí a rán an padà sí ibi tó ti já gan-an. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní láti la ẹran èjìká dé ìsàlẹ̀, kí ó dá ihò kéékèèké sí etí eegun tóóró tí kò fẹ́ gba irin, kí ó sì wá ọ̀nà tí òwú yóò fi gba inú àwọn ihò náà kọjá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Púpọ̀ nínú àwọn tó mọ̀ pé òtítọ́ ni Bankart sọ ni kò lè ṣe bí ó ti ṣe. Ní New York, ní 1944, Harrison McLaughlin ṣàlàyé ọ̀nà tirẹ̀ fún iṣan òkè èjìká: ó gbẹ́ kòtò tóóró sórí eegun apá, ó tẹ etí iṣan bọ inú rẹ̀, ó sì fa òwú gba inú eegun jáde ní òdìkejì kí ó tó ta á ní kókó. Ọ̀nà yìí lágbára, àwọn kan sì ń lò ó títí dòní, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń tóbi.

Nítorí ìnira yìí ni àwọn kan fi wá ọ̀nà àbùjá. Ní Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n máa ń fi irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì gbá iṣan àti kèrékèré mọ́ etí ihò èjìká. Ní 1956, du Toit àti Roux tẹ ìròyìn ọdún 24 tí wọ́n ti fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà jáde. Iṣẹ́ náà yá, ó sì dín wàhálà kù, àmọ́ irin tí kò rì wọlé dáadáa a máa tú, a máa rìn kúrò níbi tí a fi í sí, a sì máa ha kèrékèré orí eegun títí yóò fi bà á jẹ́. Nígbà tó di 1984, Zuckerman àti Matsen kọ nípa aláìsàn 37 tí irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí sìkúrù tí a fi sí èjìká wọn ti dá ìyọnu sílẹ̀ fún. Mo ka ìròyìn yẹn sí ọ̀kan nínú èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí, nítorí pé ó jẹ́ kí ó hàn gbangba pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti di iṣan mú ló yẹ kí a fi sílẹ̀ nínú oríkèé.

Ní àyíká ìgbà náà ni E. Marlowe Goble, oníṣẹ́ abẹ eegun ní ìpínlẹ̀ Utah, pẹ̀lú Karl Somers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣe ìdákọ̀ró tí a wá mọ̀ sí Mitek. Títáníọ̀mù ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọgbọ́n ibẹ̀ wà. A fi nitinol ṣe wáyà yìí, àdàlù níkẹ́ẹ̀lì àti títáníọ̀mù tí William Buehler ṣàwárí rẹ̀ ní ilé ìwádìí ohun ìjà àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1960, tí ìwà rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti irin yòókù: bí a bá tẹ̀ ẹ́, kò ní gbàgbé bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Bí a bá ti ìdákọ̀ró náà bọ ihò tóóró tí a lu sínú eegun, wáyà náà yóò ká mọ́ra, yóò sì gba ẹnu ihò kọjá. Bí ó bá ti kọjá èèpo líle eegun tán tó sì dé inú rẹ̀ tó rọ̀, yóò tún ṣí padà, yóò sì kọ́ mọ́ abẹ́ èèpo náà débi pé bí a ti ń fa òwú rẹ̀ ni yóò máa dì í mú sí i. Láàárín àkókò kan náà ni ẹ̀yà kejì gbòde, èyí tí a ṣe bíi sìkúrù, tí a ń yí wọnú eegun.

Ohun tó wá sọ ìdákọ̀ró di àmúyangàn ni awò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kì bọ inú oríkèé. Kenji Takagi ní Tokyo ti fi awò wo inú orúnkún òkú láti 1918, Masaki Watanabe tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì sọ ọgbọ́n náà di ohun tí gbogbo ayé lè lò. Nípasẹ̀ awò yìí, dókítà kò nílò láti la èjìká mọ́: ihò kéékèèké mélòó kan ni yóò dá sí awọ ara, omi iyọ̀ yóò máa ṣàn gba inú oríkèé kọjá kí ẹ̀jẹ̀ má bàa bo ojú, òun yóò sì máa wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe lójú ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n. Yóò kọ́kọ́ ha ojú eegun mọ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi máa sun níbẹ̀, nítorí láti inú ẹ̀jẹ̀ náà ni ìwòsàn ti ń wá. Lẹ́yìn náà ni yóò lu ihò, yóò yí ìdákọ̀ró tó wà lẹ́nu irin ìdìmú wọlé títí àmì tó wà lára irin náà yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ojú eegun, yóò sì fa òwú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti jókòó. Ìgbà náà ni yóò wá fa òwú gba inú iṣan kọjá, yóò ta kókó lóde ara, yóò sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti kókó náà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi tẹ iṣan mọ́ eegun pẹ́kípẹ́kí. Kókó títa yìí ni ó ń dá ọ̀pọ̀ lágara, ìdí nìyẹn tí Raymond Thal fi kọ̀wé ní 2001 nípa ìdákọ̀ró tí kò nílò kókó. Irú èyí ti wá wọ́pọ̀ gan-an lónìí.

Ibi tí a bá rì í sí àti bí ó ti dagun sí ṣe pàtàkì. Stephen Burkhart, oníṣẹ́ abẹ ní San Antonio ní Texas, ṣàkíyèsí ọgbà wáyà àwọn darandaran gúúsù ìpínlẹ̀ náà: níbi tí ọgbà bá ti ṣẹ́ kọ́nà, wọ́n máa ń ri àpáta ńlá mọ́lẹ̀, wọn a sì fi wáyà so òpó kọ́nà mọ́ ọn kí ìfàyà ọgbà má bàa fa òpó náà wó. Ó rí i pé bí wáyà ìdè yìí bá ti sún mọ́ ilẹ̀ tó ni ó ṣe ń dúró pẹ́ tó. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1995, ó sì dámọ̀ràn pé kí ìdákọ̀ró dagun sí ìhà tó lòdì sí ibi tí iṣan ń fà sí, kí igun rẹ̀ má ju ìwọ̀n 45 lọ. Àwọn mìíràn ti dán èyí wò láti ìgbà náà, àbájáde wọn kò sì bá tirẹ̀ mu nínú ohun gbogbo, ṣùgbọ́n iye ìdákọ̀ró tí a ti fi ọgbọ́n ọgbà wáyà yẹn rì sínú èjìká ọmọ ènìyàn kò lóǹkà.

Ní ti ohun tí a fi ń ṣe é, títáníọ̀mù ló ṣáájú. Kì í dípẹtà, ó sì hàn kedere nínú àwòrán X-ray, ṣùgbọ́n a máa da òjìji bo àwòrán MRI, bí ó bá sì tú, ewu rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti irin àtijọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí ara ń jẹ tán dé, tí a fi oríṣi ike tí ń yòrò ṣe: àwọn kan yára yòrò jù, kí iṣan tó lẹ̀ ni agbára wọn ti tán; àwọn mìíràn ń lo ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó tán, a sì rí ibi tí eegun ti jẹrà yí wọn ká, tó di ihò ńlá. Ike PEEK kì í yòrò, kò sì ń da òjìji sí àwòrán, ó sì ti gba ipò púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Èyí tó dé kẹ́yìn ni ìdákọ̀ró tó jẹ́ kìkì òwú: òwú híhun kan ni a ń tì gba ihò tí kò ju mìlímítà kan àti àbọ̀ sí mẹ́ta lọ, tí a bá sì fa á, a ká jọ sí abẹ́ èèpo eegun, a sì há síbẹ̀. Ó wù mí ju gbogbo wọn lọ fún etí ihò èjìká tóóró, nítorí eegun díẹ̀ ni ó ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí eegun arúgbó bá ti rọ̀ jù, sìkúrù tó nípọn ṣì ń jókòó dáadáa jù ú lọ.

Òwú náà kò dúró lójú kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni òwú pólíẹ́tílíìnì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òwú àtijọ́, agbára rẹ̀ sì pọ̀ débi pé kì í sábà já mọ́. Ibi tí àkóbá wá ń gbà wọlé báyìí ni iṣan fúnra rẹ̀: òwú a máa ya á bí iṣan náà bá ti gbó, nígbà tí ìdákọ̀ró àti òwú ṣì wà nípò wọn láìyẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní 2004, Galatz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn jáde lórí aláìsàn 18 tí iṣan èjìká wọn ti ya púpọ̀púpọ̀ kí a tó fi awò rán an. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, iṣan àwọn 17 ló ti tún já. Síbẹ̀ ìrora púpọ̀ nínú wọn ti lọ sílẹ̀, èyí tó fi hàn pé ohun tí aláìsàn ń rò nípa ara rẹ̀ àti ohun tí àwòrán ń sọ kì í fi gbogbo ìgbà dọ́gba.

Gbogbo èyí ló mú mi gbà pé ìdákọ̀ró kì í wo ẹnikẹ́ni sàn. Àkókò ni ó ń yá ara. Ara fúnra rẹ̀ ni yóò hun okùn tuntun láti inú iṣan wọnú eegun, okùn tí a fi orúkọ William Sharpey pè, iṣẹ́ ìhunṣọ yìí sì ń gba oṣù púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé apá aláìsàn kọ́ ọrùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí ó gbé ẹrù tó wúwo fún oṣù mélòó kan. Bí ara bá ti fúyẹ́ díẹ̀, aláìsàn a máa rò pé òun ti bọ́, bẹ́ẹ̀ ni òwú nìkan ló ṣì di apá náà mú.

A ń lo ìdákọ̀ró níbòmíràn pẹ̀lú: fún iṣan gìgísẹ̀, ìdè ọrùn ẹsẹ̀ tó nà, iṣan iwájú apá níbi ìgbọ̀nwọ́, àti àwọn ìdè kéékèèké inú ọwọ́, níbi tí èyí tó kéré jù nínú wọn ti wúlò.

Bí ìwọ tàbí ará ilé rẹ bá ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, yálà nílé tàbí lókè òkun, gba ìwé tó sọ irú ìdákọ̀ró tó wà nínú eegun náà àti ohun tí a fi ṣe é, tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kí o sì fi han dókítà tàbí àwọn tí ń lo ẹ̀rọ MRI kí wọ́n tó gbé ọ sínú ẹ̀rọ. Má sì ṣe bọ́ aṣọ ìgbápá kúrò lọ́rùn kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ tó pé.