Láti Orí Ìjàpá Dé Orí Micra: Ìtàn Mọ́tò Mánúà Láàárín Àwa Ẹlẹgbẹ́

Láti ọdún mẹ́wàá tí a ti ń pàdé, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu wa bí ìpàdé bá ti parí, pàápàá lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì: mọ́tò wo ni kí n rà tí yóò máa gbé mi jáde lójoojúmọ́, tí kò sì ní jẹ owó náà tán? Bí mo bá ti dárúkọ mánúà, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Wọ́n ní ayé àtijọ́ ló ni ín. Ó yẹ kí a mọ bí ó ṣe di ti ayé àtijọ́, nítorí kì í ṣe pé ó burú la fi pa á tì.

Ọwọ́ òsì ni àwọn tó wakọ̀ ṣáájú wa fi ń yí jíà. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń wakọ̀ nílé wọn ni wọ́n ṣe kó o wá fún wa: apá òsì títì ni mọ́tò ń gbà, apá ọ̀tún inú ọkọ̀ sì ni sítíárìn wà. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè tí Faransé ṣàkóso, tí wọ́n yí wa ká, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba ní kí gbogbo Nàìjíríà bọ́ sí apá ọ̀tún. Sítíárìn wá sí apá òsì, ọwọ́ ọ̀tún sì di ọwọ́ jíà. Àwa tí a kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà, mo rò pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ wá.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1975 dé. Àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà kò lè gbàgbé owó Údójì. Ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tíṣà tó ń gun kẹ̀kẹ́ ra alùpùpù, akọ̀wé tó ń gun alùpùpù ra mọ́tò. Ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ nílẹ̀ wa: Volkswagen ní ojú ọ̀nà Badagry ní Èkó, àti Peugeot ní Kaduna. Mánúà ni ohun tó ń jáde níbẹ̀, òun náà la sì fi kọ́ mọ́tò wíwà.

Ìjàpá ni ti Volkswagen, ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rubutu ló fún un lórúkọ. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ló sì ń tù ú, nítorí náà kò sí rẹ́díétọ̀ tí ènìyàn ń bu omi sí lójú ọ̀nà. Jíà mẹ́rin ló ní. Kò yára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi Ìjàpá kọ́ bí a ṣe ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí òkè, kò sí mọ́tò tí kò lè wà.

Ọ̀gá ni Peugeot 504 ní tirẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé e jáde ní Faransé, nígbà tó sì di 1969, wọ́n dì í ní mọ́tò ọdún náà fún gbogbo Yúróòpù. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé torí pé ó wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ la fi fẹ́ràn rẹ̀. Rárá o. Sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀, kòtò kì í mì ín bó ṣe ń mi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, síléèfù tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀ ṣeé yọ. Bó bá jẹ, mẹkáníìkì á yọ ọ́, á fi tuntun sí i, kò ní í sọ pé kí o lọ ra odindi ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ kan fi lè ṣiṣẹ́ fún bàbá, kó tún ṣiṣẹ́ fún ọmọ. Àwọn dẹ́rẹ́bà tí wọ́n ń fi èyí tó gùn lẹ́yìn kó èrò láti ìlú dé ìlú, wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ba lé wọn. A ṣì ń to 504 pọ̀ ní Kaduna lẹ́yìn tí Faransé fúnra rẹ̀ ti dáwọ́ dúró ní 1983.

Kí ló wá dé? Náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun wọ́n, Tòkunbọ̀ sì wọlé. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé, láti Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù ló ti ń wá, púpọ̀ rẹ̀ sì ń gba èbúté Kútọnu kọjá. Epo wọ́n ní Yúróòpù, mánúà ni àwọn ará ibẹ̀ ń wà, òun náà ni wọ́n sì tà fún wa: Golf, Opel, Mazda. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò yíjú sí Amẹ́ríkà. Ní ti ibẹ̀, General Motors ti fi jíà tó ń yí ara rẹ̀ sínú Oldsmobile ti ọdún 1940, epo wọn pọ̀, títì wọn gbòòrò, ó sì ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Camry àti Corolla tí wọ́n lò tì ní ọ́tò ló dé ọ̀dọ̀ wa. A kò jókòó ṣe ìpàdé kankan pé ọ́tò dára ju mánúà lọ. Èbúté tí ọjà ti ń wá ló yí padà.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i pé mánúà kò tíì kú, kó lọ sí Ìbàdàn. Micra ló gba ìgboro kan láti ọwọ́ àwọn onítakisí, ó sì ń gun òkè Màpó pẹ̀lú èrò ní kíkún. Micra tí mo ń wí yìí, èyí tó rí rogodo tí Nissan gbé jáde ní 1992, òun náà ni wọ́n dì ní mọ́tò ọdún fún Yúróòpù ní 1993, òun sì ni mọ́tò Japáànù àkọ́kọ́ tó gba oyè náà. Ẹ́ńjìnnì lítà kan tàbí lítà kan ààbọ̀ ó dín díẹ̀ ló ní. Ṣéènì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì náà, kì í ṣe bẹ́líìtì tó lè já lójijì. Ó fúyẹ́, nítorí náà agbára díẹ̀ tó ní tó o. Ìgbádùn rẹ̀ ni pé ìwọ lo ń sọ fún un ohun tó máa ṣe: sẹ́kọ́ńdì kí o tó gun òkè, sẹ́kọ́ńdì náà ni wàá fi sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì á máa dá a dúró tí bíréèkì kò ní gbóná. Àwọn tó máa ń yọ ọ́ sí fíríì torí kí epo lè pẹ́, ẹ̀mí wọn ni wọ́n fi ń ṣeré.

Láti ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 sí òkè ₦480, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Mánúà kékeré kì í mu epo bí ọ́tò àtijọ́. Jíábọ́ọ̀sì ọ́tò bá bàjẹ́, odindi rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ní kí a lọ rà. Kílọ́ọ̀ṣì pléètì bá jẹ, mẹkáníìkì àdúgbò á pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Síbẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ̀rẹ́. Ẹni tí orúnkún ń dùn nínú wa, tó sì ń wọ gó-sílóò Èkó lójoojúmọ́, kó ra ọ́tò kó sì sinmi. Àwa tó kù tí a padà sílé, Micra tàbí Golf tó ṣì nílera ni kí a wá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa hándì-bíréèkì, ẹ fi jíà sí kẹta, kí ẹ sì tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, pléètì rẹ̀ ṣì dára. Bó bá ń pariwo tí kò kú, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó yọ owó pléètì kúrò nínú iye tó pè.