Ìyípadà àwọn ẹyọ ìwọ̀n ìfúnpá kékeré

Ìyípadà àwọn ẹyọ ìwọ̀n ìfúnpá kékeré ni ìṣirò tí a fi ń sọ ìfúnpá tí ó kéré gan-an di ẹyọ ìwọ̀n mìíràn. Ó wúlò púpọ̀ nínú ìmọ̀ nípa ìró, nítorí pé ìró jẹ́ ìyípadà díẹ̀ nínú ìfúnpá afẹ́fẹ́.

Pascal (Pa) ni ẹyọ ìpìlẹ̀. Ọdún 1971 ni àpérò àgbáyé lórí ìwọ̀n fọwọ́ sí orúkọ náà ní ìrántí Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé. 1 Pa jẹ́ 1,000,000 micropascal (µPa). Láti ara bar, tí í ṣe 100,000 Pa, ni microbar (µbar) ti wá: 1 µbar jẹ́ 0.1 Pa, ìyẹn 100,000 µPa. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà, nítorí pé "micro" wà nínú orúkọ méjèèjì. Ìró tí ó kéré jù tí etí tí ó yá lè gbọ́ jẹ́ nǹkan bí 20 µPa, 0.0002 µbar ni àwọn ìwé àtijọ́ kọ ọ́. Òun ni a pè ní 0 decibel (dB).

Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò oníbàárà ní Ọjà Alábà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí àwọn ará Iba, Okokomaiko àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti lè ra ẹ̀rọ ohùn tuntun tàbí tòkunbọ̀. Ìwé máìkì kan lè kọ −54 dB, kí ti èkejì tí ó ti pẹ́ kọ −74 dB. Ẹni tí kò wo ẹyọ ìwọ̀n yóò rò pé èkejì kò gbóhùn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá fi pascal wọn ti àkọ́kọ́, tí a sì fi microbar wọn ti èkejì, ọgbọọgba ni wọ́n: 1 Pa jẹ́ 10 µbar, ìlọ́po 10 nínú ìfúnpá sì jẹ́ 20 dB. Millivolt 2 ni máìkì kọ̀ọ̀kan ń mú jáde fún 1 Pa.

Ní ti gbohùngbohùn, ní 2022 Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí ìró ní ibi ìgbafẹ́ má ṣe ju 100 dB lọ ní ìpíndọ́gba. Èyí jẹ́ 2 Pa, tàbí 20 µbar. Kò tó ìdá kan nínú 50,000 ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká, síbẹ̀ ó lè ba etí jẹ́ bí ó bá pẹ́.

Nínú omi, 1 µPa ni ìpìlẹ̀ decibel, kì í ṣe 20 µPa. Ìfúnpá kan náà tí ó jẹ́ 100 dB nínú afẹ́fẹ́ yóò di 126 dB nínú omi. Nítorí náà, kí a tó fi ariwo ọkọ̀ inú ọ̀sà tí ó wà ní gúúsù Ọ̀jọ́ wé ti gbohùngbohùn ojú ọjà, 26 yìí ni a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ yọ kúrò.